Ìwé Johnson àti Àdéhùn Ogun Kírìjí

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, ibi tó wúlò jù fún wa lónìí ni ìlàjà ogun Kírìjí. Johnson fúnra rẹ̀ jíṣẹ́ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì-Parapọ̀, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé ní 1886, tí àgọ́ sì tú ká. Ẹni tó fojú rí i ló ń ròyìn. Ìyìn ńlá nìyẹn.

Àléébù rẹ̀ ni pé ohùn ọba, balógun àti gómìnà ló gbilẹ̀ jù. Àdéhùn náà ní kí Modákẹ́kẹ́ kó kúrò nílẹ̀ Ifẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ bá Ifẹ̀ gbé dúró. A kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìjà tún bẹ́ ní 1981, ó tún bẹ́ láti 1997 sí 2000.

Ogun ló lé baba ńlá ọ̀pọ̀ wa dé Fìdítì àti Ìlọrà, bó ṣe lé ti Modákẹ́kẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ka ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹ máa béèrè: lẹ́yìn tí àwọn àgbààgbà tọwọ́ bọ̀wé tán, níbo ni mẹ̀kúnnù sùn?