Ìkòkò Nísàlẹ̀, Ère Lókè

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìfàkì lọ sí Ìkọ̀lé ní ìparí ọ̀sẹ̀, kò ní ṣàì rí àwòrán òkú lára ògiri àti òpó iná. Ìyá àgbà wé gèlè, bàbá àgbà dé fìlà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ iye ọdún tí olóògbé lò láyé sí, àti ibi tí wọ́n á ti jẹun lẹ́yìn ìsìn. Òjò ọdún méjì ti tó fún gbogbo rẹ̀. N kò bú ẹnikẹ́ni o, èmi náà ti san owó irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní àríwá Èkìtì yìí kan náà, ọ̀nà mìíràn wà tí a ti ń rántí ẹni ńlá tó ti lọ. Igi ni wọ́n fi ń ṣe é, orí ọ̀dọ́mọkùnrin ló sì ń gbé e jáde.

Ẹpa ni mo ń wí. Àwọn ìlú kan ń pè é ní Ẹlẹ́fọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wò ó láti ìsàlẹ̀. Igi kan ṣoṣo ni ọlọ́nà fi gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìkòkò ló wà nísàlẹ̀, ibi tí eléré ń ki orí bọ̀. Ìkòkò yìí ní ojú níwájú, ó tún ní lẹ́yìn; ẹyinjú yọ gọngọ, ẹnu là gbàgà bí ẹnu ihò. Kò jọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ká ní o kó ìkòkò Ẹpa márùn-ún ti ara wọn, tí o fi aṣọ bo òkè wọn, agbára káká ni o fi máa mọ èyí tó jẹ́ ti ológun àti èyí tó jẹ́ ti ìyá ọlọ́mọ. Ṣí aṣọ náà wàyí. Jagunjagun kan wà lórí ẹṣin, ó mú ọ̀kọ̀ dání, irungbọ̀n rẹ̀ gún ṣónṣó. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ọmọ kan lẹ́yìn, òmíràn níwájú. Olóògùn mú ọ̀pá tí ẹyẹ bà sí lórí dání. Ọwọ́ tó gbẹ́ ìsàlẹ̀ gbágungbàgun bẹ́ẹ̀ ló tún padà ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn níkọ̀ọ̀kan lókè.

Àwọn kan á ní ìkánjú ló fa ìyàtọ̀ yẹn. N kò gbà. Lójú tèmi, ikú ni ọlọ́nà gbẹ́ sísàlẹ̀, ikú kì í sì í wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó mú un. Ohun tí ẹni náà fi ayé rẹ̀ ṣe ni ọlọ́nà gbé lé e lórí.

Ìdí nìyí tí ère náà kì í fi í jọ olóògbé bí fọ́tò ṣe ń jọ ọ́. Ẹṣin jagunjagun lè má ju ewúrẹ́ lọ, ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò là sí iṣẹ́ ọnà á ní ọlọ́nà kò mọ ẹṣin. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Kì í ṣe ẹṣin ni ìlú ń rántí. Orí tóbi ju bí orí ènìyàn ṣe ń rí lára, nítorí orí ni olórí ara. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún, o kò lè sọ bóyá ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni tàbí ọmọ àádọ́rin. Ọlọ́nà kò kọ orúkọ sí i. Orúkọ di ti onílù àti àwọn obìnrin tó ń kígbe oríkì lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ọlọ́nà ní orúkọ fún ìpele iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà lílé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: àáké ń wá ibi tí orí máa wà, ibi tí àyà máa wà, ibi tí ẹsẹ̀ máa dé. Alétúnlé ló tẹ̀ lé e, imú á yà kúrò lára ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọmọ á yà kúrò lẹ́yìn ìyá. Nígbà dídán, ọ̀bẹ á máa ra igi lára títí ojú àáké á fi pòórá. Fínfín ló kẹ́yìn: irun dídì, ilà ojú, ìpéǹpéjú, ìlẹ̀kẹ̀. Àwa òǹwòran, fínfín là ń yìn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ọ̀nà lílé ni iṣẹ́ ti dára tàbí ti bàjẹ́, torí igi tí àáké bá ti bù jù, fínfín kò lè dá a padà. Ẹpa sì lè ju ogún kílò lọ, síbẹ̀ ẹni tó rù ú gbọ́dọ̀ jó, kó sì fò gun orí òkìtì. Bó bá kọsẹ̀, ìlú á gbọ̀n. Ọ̀kọ̀ tó yọ sí apá ọ̀tún kan ṣoṣo lè fa ọrùn ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ya, àfi kí ọlọ́nà ti wá nǹkan kan sí apá òsì láti ìgbà tó kọ́kọ́ gbé àáké.

Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ìṣirò yìí jù ni Dáda, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Aréògún, ará Ọ̀sì. (Kì í ṣe Ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdó o. Ọ̀sì tí àwọn òyìnbó fi ààlà gé sí Ìlọrin ni, tí ó wà ní Kwara lónìí, àmọ́ tí èdè ẹnu wọn ṣì jẹ́ Èkìtì.) Ọdún 1954 ló kú. Bándélé ọmọ rẹ̀ wá sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fádà Kevin Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Àgùdà ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947. Ibẹ̀ ni ọlọ́nà tó ń gbẹ́ jagunjagun Ẹpa ti gbẹ́ àwọn Amòye tó wá kí Jésù, tí wọ́n sì rí bí ọba Yorùbá gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlá Ọ̀ràngún ti wá bá Bándélé kọ́ṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọlọ́nà ni òun fúnra rẹ̀: Lamidi Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ. Mùsùlùmí ni, òun ló sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn ilé ìsìn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ère Odùduwà tó wà ní Ifẹ̀, ní gbọ̀ngàn tí wọ́n fi orúkọ Odùduwà pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọjọ́ Kérésìmesì, ọdún 2009, ló fi àáké sílẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, onímọ̀ ìtàn tí wọ́n bí sí Ìkọ̀lé ní 1929, kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, fọ́tò rẹ̀ kún inú ìwé ìròyìn. Mo ń bi ara mi léèrè bí Aréògún ì bá ṣe gbẹ́ ẹ. Àjàyí ti jẹ́ ọ̀gá Yunifásítì Èkó nígbà kan rí. Ẹ̀wù oyè yẹn á dùn ún fín. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìwé ló máa fi sí i lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá ẹyẹ sọ́wọ́ olóògùn, á sì to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kéékèèké yí i ká bí ọmọ ìyá ọlọ́mọ. Òyìnbó amúnisìn á wà níbìkan níbẹ̀, kó kéré bí ẹṣin jagunjagun, torí Àjàyí fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa pé ìgbà kúkúrú ni ìjọba wọn jẹ́ nínú ìtàn gígùn ilẹ̀ Áfíríkà.

Ọ̀pọ̀ Ẹpa ti wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun. Lábẹ́ gíláàsì, wọ́n gbé wọn dúró síbi tí ojú á fi rí ère òkè dáadáa. Ó dùn mí díẹ̀, torí n kò rí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ wo inú ìkòkò. Ojú àáké ṣì wà nínú rẹ̀ láìdán, níbi tí igi ti ń kan orí ènìyàn. Ẹyinjú méjèèjì tó yọ gọngọ níta yẹn kò ríran rárá. Ẹnu tó là sílẹ̀ yẹn ni ẹni tó rù ú fi ń rí ọ̀nà.