Ère Inú Ṣọ́ọ̀ṣì, Agere Ifá, àti Èsì Tí Kò Bá Ọ̀rọ̀ Mu



Bí ọmọ ìjọ Àgùdà ní Kabba bá pe babaláwo ní abọgibọ̀pẹ̀, èsì tí awo sáábà máa ń fọ̀ ni pé: "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ère Màríà tí ẹ ń tan àbẹ́là síwájú rẹ̀ ńkọ́?" Èsì yìí dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ mu. Ẹni t'ó bá fèsì bẹ́ẹ̀ ti gbà pé igi l'òun ń bọ. Ó kàn ń wá ẹni tí yóò bá òun pín ẹ̀gàn náà ni.

Ẹ jẹ́ k'á wo pẹpẹ Àgùdà ti àtijọ́ dáadáa. Egungun ajẹ́rìíkú ń bẹ nínú òkúta pẹpẹ náà, orí rẹ̀ ni Fáda ti ń rú ẹbọ Mísà. Bí a bá gbé ère Màríà àti ti Jósẹ́fù kúrò, Mísà kò ní dúró. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea ní 787 ti là á sílẹ̀ pé ọ̀wọ̀ tí a bù fún àwòrán, ẹni tí àwòrán náà dúró fún l'ó ń gbà á.

Kí l'ó wá jọ ère yìí lọ́dọ̀ tiwa? Kì í ṣe òrìṣà o. Agere Ifá ni. Ikin ni a ń bọ. Agere ni a ń kó ikin sí. Obìnrin t'ó kúnlẹ̀ tàbí ẹlẹ́ṣin t'ó ru agere kì í ṣe Ọ̀rúnmìlà. Bí agere bá jóná, awo á kó ikin sínú àwo, Ifá á sì máa fọhùn. Ẹ wo ẹbọra ilẹ̀ Búnú náà: àpáta, odò àti igbó ni ilé wọn. Ta l'ó gbẹ́ àpáta kí ó tó di ojúbọ?

Àwọn agbẹ́gilére ti fi èyí hàn. Ní 1947, Fáda Kevin Carroll àti ẹnìkejì rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Àrẹògún ará Òsì-Ìlọrin, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù, wọ́n sì fi adé ọba Yorùbá dé àwọn amòye lórí. Àrẹògún ti gbẹ́ ohun èlò Ifá rí. Mùsùlùmí sì ni Lámídì. Bí gbígbẹ́ bá jẹ́ bíbọ, kí ni a ó pe Lámídì?

Iṣẹ́ náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn t'ó ń yìn ín pé ó mú òrìṣà wọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì í. Ọnà wa l'ó wọlé. Ẹbọ wa kò bá a wọlé.

Àwọn kan á ní ní Cuba, Santa Bárbara ni Ṣàngó. Nítorí náà kí Màríà di Ọ̀ṣun lọ́dọ̀ wa. Àwọn tí a kó lẹ́rú l'ó fi ère ẹni mímọ́ bo òrìṣà wọn mọ́lẹ̀ lójú olówó wọn. Ta ni à ń fi Ọ̀ṣun pamọ́ fún ní Kabba?

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún pè wá ní abọgibọ̀pẹ̀, kí a má na ìka sí Màríà. Kí a ṣàlàyé ikin, kí a ṣàlàyé agere, kí a fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ẹni t'ó bá mọ ohun tí agere jẹ́ kò ní sun ún níná. Àwa náà tí a mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ fi ère ẹlòmíràn ṣẹ̀sín.

Ifá á gbè wá o. Àṣẹ.