Abẹ́rẹ́ Tó Ń Purọ́

Nítòsí Owena ni mọ́tò náà ti kú mọ́ wa lọ́wọ́. Àkúrẹ́ la ti ń bọ̀, Òǹdó là ń lọ, abẹ́rẹ́ géèjì epo sì wà lórí ìdámẹ́rin táǹkì, kò mira. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ni mọ́tò, tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n ní, "Epo tí èyí ń fi hàn mí, níbo ló wà?" Kẹ́ẹ̀gì epo tí ọlọ́kadà kan bá wa rà ló gbé wa wọ ìlú.

Toyota Celica ọdún 1988 ni, tòkunbọ̀ onílẹ̀kùn méjì, pupa rẹ̀ ti ń ṣá. Ìran tó ti wá kì í ṣe ìran ọ̀lẹ. Ọmọ ìyá rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, GT-Four, ni Carlos Sainz ará Sípéènì fi di ọ̀gá àgbáyé nínú eré ìje rally ní 1990, ọdún yẹn náà ni Björn Waldegård fi irú rẹ̀ gba Safari Rally ní Kenya. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò jẹ́ tà á, èmi náà kò sì ní bá ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí lítà epo kò tíì tó 200 náírà, ènìyàn lè fojú fo irú àléébù yìí. Ká kún táǹkì, ó parí. Ṣùgbọ́n owó ìrànwọ́ orí epo dópin ní ìparí oṣù Kárùn-ún 2023, nígbà tí 2024 sì fi ń lọ sópin, lítà kan ti kọjá 1,000 náírà. Ta ló ń kún táǹkì mọ́? Díẹ̀díẹ̀ là ń rà á, abẹ́rẹ́ yẹn la sì fi ń ṣírò. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀: mọ́tò tí ẹ̀rọ tó ń fa epo bá wà nínú táǹkì, epo náà ló ń tu ẹ̀rọ lára. Bí epo bá ń gbẹ mọ́ ọn lọ́pọ̀ ìgbà, yóò gbóná títí yóò fi jó.

Ríwáyà méjì ti fọwọ́ kàn án ní Àkúrẹ́. Ọ̀kan ní géèjì ló bàjẹ́, èkejì ní fílótà ni. Ẹni kẹta, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òǹdó, tí màrìwò ọdún Ògún tó ti gbẹ ṣì wà lára òpó rẹ̀, ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, bí ẹ bá kún un, ibo ló ń dúró?"

"Ó ń dé F."

"Bó bá wá ń lọ sílẹ̀ ńkọ́?"

"Bó bá ti dé ìdámẹ́rin, kì í kúrò níbẹ̀ mọ́."

Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì yọ orí bátìrì kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ táǹkì.

Abẹ́rẹ́ iwájú kò rí epo rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Inú táǹkì ni fílótà wà, ó léfòó sórí epo, ó wà lórí ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́. Bí epo bá ń lọ sókè sódò, ìdí ọ̀pá náà á máa fi ìka kékeré kan ra ojú ọ̀nà tí iná ń gbà. Bí epo bá pọ̀, ọ̀nà á là fún iná, abẹ́rẹ́ á gòkè. Bí epo bá dínkù, ọ̀nà á há, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀. Ohun tí wáyà bá sọ ni abẹ́rẹ́ ń tún sọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mú òpùrọ́ ní láti tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ.

Ó tú wáyà fílótà, ó ní kí wọ́n dá orí bátìrì padà, kí wọ́n ṣí iná. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi ẹnu wáyà náà kan ara irin tààrà. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Gílóòbù kékeré kan ló mú jáde, ó fi sí àárín, kí iná má baà já lu géèjì lójijì. Ó fi kan irin tó mọ́: abẹ́rẹ́ gùn dé F, jẹ́jẹ́. Géèjì kò jẹ̀bi. Ó tún fi kan ibi tí áàtì fílótà gan-an, wáyà tó ń dá iná padà sára irin, ti dé lára mọ́tò. Abẹ́rẹ́ kò dé òkè mọ́. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́.

Nígbà tí fílótà jáde, ó gbé e sí etí, ó mì ín bí ẹni ń mi ẹyin, bóyá epo ti wọ inú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ gbé omi wá kí wọ́n fi dán an wò, ó kọ̀. "Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ. Ohun tó léfòó nínú omi lè rì nínú epo." Epo ló fi dán an wò, ó sì léfòó. Ojú ọ̀nà iná ti dúdú. Imí-ọjọ́ inú epo máa ń ṣe irú èyí. Ní 2004, ní Florida àti Louisiana ní Amẹ́ríkà, epo tí imí-ọjọ́ pọ̀ jù nínú rẹ̀ ba géèjì ọ̀pọ̀ mọ́tò jẹ́. Kò fi sáńpépà kàn án o. Írésà àwọn ọmọ ilé ìwé ló fi nù ún, nítorí sáńpépà á jẹ ẹ́ dànù.

Mítà wá ka óòmù 110 nígbà tí ọ̀pá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ka 3 lókè. Fílótà náà kò jẹ̀bi. Ibi tí ẹlòmíràn ìbá ti dá a padà nìyí. Òun fi igi gbígbẹ wọn jíjìn táǹkì, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹsẹ̀ tábìlì, ó wá sọ fílótà kalẹ̀ dé ojú àmì náà. Mítà ka 72. Fílótà ti jókòó sí ìsàlẹ̀ táǹkì kí ọ̀pá rẹ̀ tó dé ibi tó yẹ kó dé.

Ó gbé ọ̀pá náà sí oòrùn, ó fi èékánná hàn wá: eyín pláyà. Ẹnìkan ti tẹ̀ ẹ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà, ká máa lọ."

"Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kì í ṣe wèrè. Kí ló rí tó fi tẹ̀ ẹ́?"

Ìbéèrè yìí ni mo fi mọ̀ pé a ti dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́. Ó padà sídìí áàtì tó ti fura sí. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ó ń di iná lọ́wọ́, óòmù 12 níbi tó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo. Nítorí rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ kò ṣe dé F nígbà kan, ẹni ìṣáájú wá tẹ ọ̀pá kó lè dé e. Ó fi irọ́ kan bo irọ́ kan mọ́lẹ̀. Bí a bá tẹ ọ̀pá padà nìkan, irọ́ àkọ́kọ́ á tún yọjú.

Ó ha ìpẹtà títí irin fi tàn, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹnu wáyà tuntun, ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù, jìnnà sí táǹkì. Ó fi gíríìsì bò ó. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ ọ̀pá, fínfín, ó ń wo mítà, ó tún ń tẹ̀ ẹ́, ìgbà méje ni mo kà.

Wọ́n ti mọ́tò sórí kọnkéré tó tẹ́jú. Lítà 6 ló kọ́kọ́ dà sínú táǹkì òfìfo. Abẹ́rẹ́ dúró sórí E gan-an. "Èyí á gbé Bàbá láti Òǹdó dé Àkúrẹ́," ó ní, nǹkan bíi kìlómítà 50. Ó wá ń da lítà márùn-ún márùn-ún, ó ń dúró kí abẹ́rẹ́ farabalẹ̀, ó ń kọ ọ́ sórí páálí tó lẹ̀ mọ́ inú píjìnhóòlù.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, abẹ́rẹ́ kan E. A yà sí ilé epo, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí wọ́n kún un. Lítà 60 ni táǹkì náà ń gbà. Ẹ̀rọ ilé epo kọ 54.