Ẹ̀rín Inú Sinimá Íńdíà Lójú Olùwòran Yorùbá

Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni sinimá Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká ilẹ̀ Nàìjíríà, nípasẹ̀ àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì tí wọ́n ń kó o wọlé. Lóde òní, ọ̀nà mìíràn ni ó ń gbà wọlé. Láti ọdún 2015 ni Zee World ti ń fi eré Íńdíà hàn lórí tẹlifíṣàn, tí a fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ohùn àwọn òṣèré. Ní Ajíbọ́dẹ, lẹ́yìn Yunifásítì Ìbàdàn, kò ṣòro láti rí ìyá àgbà tí kò gbọ́ Híńdì, tí kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń rẹ́rìn-ín gan-an níbi tí ó yẹ kí a ti rẹ́rìn-ín. Kí ni ìyá yìí gbọ́?

Àwọn kan a máa wí pé orin, ijó àti ìjà ni ó fà á. Ọ̀rọ̀ wọn kò kún tó. Orin lè mú ni jó, ìjà sì lè mú ni pariwo, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè mú ni rẹ́rìn-ín nínú wọn, àfi bí a bá mọ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe, tí a sì rí ẹni tí ó ṣì í ṣe. Ìwà ojoojúmọ́ ni ilẹ̀ tí àwàdà ń hù lé lórí.

Bí a bá mú ìkíni ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀ràn náà yóò yé ni. Ní Íńdíà, ọmọ a bẹ̀rẹ̀, a fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà. Àgbà a gbé ọwọ́ lé e lórí, a sì súre fún un. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀, àgbà a sì wí pé kí ó pẹ́ láyé. Nítorí náà, bí òṣèré kan bá ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ojú rẹ̀ sì wà lára ọmọbìnrin tí ó dúró lẹ́yìn bàbá, ará Ajíbọ́dẹ kò nílò ògbufọ̀. Àwọn àgbà ti wí fún un tipẹ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni ìwà.

Àwọn ọ̀gá aláwàdà mọ àṣírí yìí. Johnny Walker ṣe kọ̀ńdọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì ní Bombay kí ó tó di òṣèré. Kì í mu ọtí, síbẹ̀ ó mọ ọ̀mùtí ṣe dé góńgó, nítorí ojú rẹ̀ ti rí ìgboro. Nínú Pyaasa, tí Guru Dutt ṣe ní ọdún 1957, ẹni tí ń gbé òróró kiri láti fi pa orí fún ènìyàn ni ó ṣe. Olùwòran Ìbàdàn tí ó mọ ìpolówó ọjà kò ní ṣàì mọ̀ ọ́n. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tí ó kú ní ọdún 2018, tọ ọ̀nà kan náà. Jígí ńlá ojú rẹ̀ àti táì ràgàjì ọrùn rẹ̀ ń pa ni lẹ́rìn-ín nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó mọ ẹni tí ń fi aṣọ wá ọlá. Nínú Ọ̀run Móoru, ọdún 1982, ojúkòkòrò ni ó gbé e lé gbájú-ẹ̀ lọ́wọ́. Olùwòran rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kan àpò ara rẹ̀.

Síbẹ̀, bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé ọkọ ni ó ń san owó orí. Ní Íńdíà, ilé ìyàwó ni ó ń kó owó àti ẹrù fún ilé ọkọ. Òfin ka èyí léèwọ̀ ní ọdún 1961, ṣùgbọ́n àṣà náà kò tán. Nígbà tí bàbá ọlọ́mọbìnrin púpọ̀ bá ń ka owó rẹ̀ ní àkàtúnkà nínú sinimá, olùwòran Yorùbá lè pè é ní ahun, kí ó sì rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù gbèsè ni ó ń ba bàbá náà. Nígbà tí ọmọ bá sì ń sunkún jáde nílé, etí olùwòran gbọ́ ẹkún ìyàwó ti Ọ̀yọ́, kò sì rí omijé bàbá tí ó jẹ gbèsè. Ibí yìí ni iṣẹ́ lámèyítọ́ wà: kí ó fi ibi tí ẹ̀rín ti ṣìnà han ẹni tí ń rín in.

Namaste Wahala, tí Hamisha Daryani Ahuja gbé jáde ní ọdún 2021, mú ọmọkùnrin Íńdíà àti ọmọbìnrin Nàìjíríà pàdé ní Èkó, àwọn òbí sì takò wọ́n. Ète eré náà dára. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹnu ni ó fi ń sọ ìyàtọ̀ àṣà ju pé kí ó fi ìṣe hàn án. Ìbéèrè kan ṣoṣo nínú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ tó eré lọ́tọ̀: ilé ta ni yóò mú owó wá?

Ajíbọ́dẹ pàápàá ń yí padà. Ilé ti gba ibi tí oko wà, ọmọ tí ń na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀ láti kí i kò sì ṣọ̀wọ́n mọ́. Lọ́jọ́ tí ìdọ̀bálẹ̀ bá tán nílẹ̀, aláwàdà tí ń dọ̀bálẹ̀ láṣejù kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́; ọmọ yóò bi ìyá àgbà pé kí ni ó ń rín, ìyá kò sì ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Kí àwọn tí ń kọ eré àwàdà ní èdè Yorùbá máa ṣọ́ ìwà ojoojúmọ́ nígbà tí ó ṣì wà lójú.