Sùúrù Kọ́ ni Kókó Ìtàn Òrìṣà Olúfọ́n

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀." Òwe yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ìtàn Òrìṣà Olúfọ́n wò. Òrìṣà funfun yìí ni a mọ̀ mọ́ ìlú Ifọ́n-Ọ̀ṣun, orúkọ rẹ̀ náà sì ni oyè ọba ìlú ọ̀hún.

Ìtàn náà lọ báyìí. Òrìṣà arúgbó yìí fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá kìlọ̀ fún un pé ìrìn àjò náà léwu. Bí kò bá fẹ́ kú, kò gbọdọ̀ kọ ohun tí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀ ẹ́ sí, kò sì gbọdọ̀ ráhùn. Kí ó mú aṣọ funfun mẹ́ta, ọṣẹ àti òrí dání. Ó mú ọ̀pá, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Èṣù pàdé rẹ̀ lọ́nà tí ó ní kí ó bá òun gbé ẹrù rù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sì da nǹkan sí i lára: epo pupa, èédú, àdín. Òrìṣà kò fọhùn. Ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tí ó wọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ó rí ẹṣin Ṣàngó tí ó sọnù, ó mú un. Àwọn ìránṣẹ́ ọba pè é ní olè, wọ́n lù ú, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ọdún 7 ni ó lò níbẹ̀. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Obìnrin kò bímọ mọ́. Ìgbà tí Ṣàngó bi Ifá léèrè ni ó tó gbọ́ pé àgbàlagbà aláìṣẹ̀ kan wà lẹ́wọ̀n. Ó ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ aṣọ funfun, kí wọ́n pọn omi, kí wọ́n sì wẹ àlejò náà láìfọhùn.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé òrìṣà yìí dé Bahia ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí a ti ń pè é ní Oxalufã tí a sì ń fi ọdún omi rántí ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Pierre Verger (1902–1996) wà lára àwọn tí ó kọ ìtàn náà sílẹ̀.

Bí a bá bèèrè ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí, ìdáhùn tí ó máa ń yá lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ó yẹ kí ènìyàn ní sùúrù. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ni. Àhunpọ̀ ìtàn fi èyí hàn. Lójú ọ̀nà, sùúrù tó, nítorí pé ọṣẹ àti aṣọ wà lọ́wọ́ arìnrìn-àjò. Àwítúnwí ẹlẹ́ẹ̀mẹta yẹn jẹ́ kí ó dá wa lójú pé kò sí ohun tí yóò borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀wọ̀n, sùúrù ọdún 7 kò ṣí ìlẹ̀kùn. Ìbéèrè ọba ni ó ṣí i. Ìlú ni ó ṣàìsàn, ìlú náà ni ó sì pọn omi.

Ìfìwàwẹ̀dá tún kín èyí lẹ́yìn. Kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi pe Òrìṣà ní olè? Wọ́n rí ẹni tí kò yára, tí kò ṣàlàyé ara rẹ̀, tí ìṣe rẹ̀ kò jọ tiwọn. Wọn kò bi í ní ohun kan.

Ìtàn ìwásẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù ní pé Ọbàtálá mu ẹmu yó níbi tí ó ti ń mọ ènìyàn, ni abuké, arọ àti àfín fi di ẹni òrìṣà, tí àwọn olùsìn rẹ̀ sì fi ẹmu ṣe èèwọ̀. Ẹwà ìtàn yẹn ni pé ẹlẹ́dàá gba ẹ̀bi. Kò di í ru ẹni tí ó dá. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohun tí ojú rí nìkan ni ó dárúkọ. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà mìíràn kò rí orúkọ gbà ju dìndìnrìn àti wèrè lọ. "Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ": ẹnu òǹwòran ni òwe yẹn ti jáde. Ìtàn ẹ̀wọ̀n ni ó dí àlàfo yìí, nítorí ó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí a ń wò, ó bá àwọn tí ń wò wí.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì tí kì í wo ojú olùkọ́, tí ariwo ń dà láàmú, bí ó ti máa ń rí fún àwọn kan tí wọ́n ní ohun tí oníṣègùn ń pè ní autism. Òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ń dára bí a bá rán an níṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. A ń pe ọ̀kan ní olóríkunkun, a ń pe èkejì ní ọ̀lẹ. Ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo gba ọ̀nà mìíràn: ó fi àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ìtòsí pẹ̀lú ìbátan wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá ìlú ṣiṣẹ́. Ìlú di ara oògùn.

Ní 2025, ìjà ilẹ̀ mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ifọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ọmọ tí ó bá la irú rẹ̀ kọjá lè padà sí kíláàsì láìfọhùn. Bí a bá kọ́ ọ pé sùúrù ni gbogbo ìtàn Òrìṣà Olúfọ́n, a tún ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ dáhùn dáadáa, kí ó kọ ọ́ pé sùúrù pa Òrìṣà mọ́ láàyè, ṣùgbọ́n ìbéèrè ni ó tú u sílẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá sì gba ìdáhùn náà wọlé, kí òun náà wo ìsàlẹ̀.