Ìkà, Òǹrorò, Ọ̀dájú: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan àti Ìdájọ́ Ògbufọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó máa ń dà bí ẹni pé ó rọrùn láti túmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ‘cruel’. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kíá ni yóò dáhùn pé ‘ìkà’. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843 ni a ti ń to ọ̀rọ̀ èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ẹni pé ọ̀kan ṣe déédéé èkejì. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé ògbufọ̀ ní láti kọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ kí ó tó yan ọ̀rọ̀ tí yóò lò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nílẹ̀. Ìkà jẹ mọ́ ète: ìkà ni ẹni tí ó mọ ire yàtọ̀ sí ibi, tí ó sì jókòó pète ibi. Òǹrorò jẹ mọ́ ìwà líle àti ìbínú. A lè sọ pé bàbá kan rorò, kí a sì tún sọ pé ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ẹkùn rorò, ṣùgbọ́n a kì í pe ẹkùn ní ìkà. Oúnjẹ ni ó ń wá. Ọ̀dájú ni ẹni tí omijé ẹlòmíràn kò lè mì lọ́kàn. Àwa tí a gbà pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà mọ bí àléébù náà ti tóbi tó. Oró ni ìrora tí ó wọni lára bí ìgbà tí àkeekèé bá tani; ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ikú dóró. ‘Cruel’ kó gbogbo wọn sínú àpò kan ṣoṣo.

Òṣogbo ni n ó ti mú àpẹẹrẹ. Níbẹ̀, ní Mbárí Mbáyọ̀, ni Dúró Ládiípọ̀ ti gbé eré Ọba Kò So jáde ní 1963, tí òun fúnra rẹ̀ sì ṣe Ṣàngó. Ní 1964, wọ́n gbé eré náà dé Berlin ní Jámánì. Bí àlejò bá béèrè irú ọba tí Ṣàngó jẹ́, tí a dá a lóhùn pé ‘cruel’ ni, kí ni a sọ fún un? Nígbà tí Ṣàngó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, tí ó sì tún dẹ Gbọ̀nkáà sí i, ète wà níbẹ̀, ète sì ni ìyá ìkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú bí i tí ó kọjú ìjà sí àwọn ènìyàn tirẹ̀, ìrorò ni. Àbámọ̀ ni ó sì sìn ín dé ìdí igi àyàn. Bí a bá pè é ní ìkà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àbámọ̀ náà kò ní ìtumọ̀ mọ́.

Ẹ fi í wé Gáà, Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ eré lé lórí. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1921 ni pé Gáà ń wá àgbọ̀nrín tí yóò fi ṣe ètùtù, ó sì ní kí wọ́n pa ọmọbìnrin Aláàfin Abíọ́dún tí ń jẹ́ Àgbọ̀nrín dípò ẹran. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Orúkọ lásán ni ó fi gba ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ. Ìkà nìyẹn, ọ̀dájú sì ni. Abájọ tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí o bá láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sòótọ́. Ṣàngó ní tirẹ̀ di òrìṣà.

Bí a bá dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni a ó nílò. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà lára ohun tí ó fa ogun Kírìjì (1877 sí 1893), èyí tí Ògèdèǹgbé Iléṣà di ọ̀gágun Èkìtì Parapọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn náà lè pe irú ìṣàkóso bẹ́ẹ̀ ní ‘cruel’. Bí a bá túmọ̀ èyí sí ìkà, a ó rò pé ènìyàn búburú díẹ̀ ni ó dá wàhálà náà sílẹ̀. Ìnilára ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ: àjàgà tí ìjọba gbé kọ́ni lọ́rùn, bí ajẹ́lẹ̀ kan tilẹ̀ jẹ́ oníwà tútù.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá inú yàrá ìkàwé. Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948 fi ‘cruel’ sí ẹ̀gbẹ́ ìdálóró nínú abala karùn-ún rẹ̀, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sì ṣe òfin tí ó lòdì sí ìdálóró ní 2017. Ní kóòtù, ìbáà ṣe ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, bí ìyá kan bá fi Yorùbá sọ pé ọlọ́pàá dá ọmọ òun lóró, tí ògbufọ̀ sì fi Gẹ̀ẹ́sì wí pé ọlọ́pàá náà le mọ́ ọmọ, ó ti sọ ẹ̀ṣẹ̀ di ìwà lásán. Bí ọmọ bá sì sọ pé olùkọ́ òun rorò, tí a túmọ̀ rẹ̀ sí ‘cruel’, a ti dá ẹni tí a kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀ lẹ́bi.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kò wọ́n èdè Yorùbá níhìn-ín. Ohun tí èdè wa ń ṣe ni pé ó ń bi wá léèrè: ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Ṣé ìbínú ni? Ṣé àánú ni kò sí lójú rẹ̀? Àbí ètò ìjọba ni ó bí i? Ìwé atúmọ̀ èdè tí yóò wúlò fún wa gbọ́dọ̀ kọ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀ kí ó tó kọ ìdáhùn.