Èémí Ni Àjẹ̀ Amòòkùn

Bí ẹnì kan bá mòòkùn lókun tó padà dé, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé kí ló rí. Wọ́n á fẹ́ gbọ́ ìròyìn àkùrákùdà, ti ìjàpá òkun, ti ọkọ̀ tó rì. Ní Blue Hole tó wà nílùú Santa Rosa, ní ìpínlẹ̀ New Mexico lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìbéèrè yẹn kì í rí èsì gidi gbà. Kòtò omi ni, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 81, ògiri òkúta yí i ká, omi rẹ̀ sì mọ́ gaara débi pé ẹni tó dúró létí rẹ̀ ń rí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kò sí nǹkan púpọ̀ láti wò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju òkun lọ: nígbà tí kò sí ohun tó ń gba ojú ẹni, iṣẹ́ amòòkùn fúnra rẹ̀ ló kù, ó sì tó wò.

Inú ilẹ̀ gbígbẹ ni Santa Rosa wà. Òjò tó ń rin wọnú ilẹ̀ ló fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún jẹ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi jìn, tí omi sì gba ibẹ̀ jáde. Nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 3,000 ló ń sun jáde ní ìṣẹ́jú kan, tọ̀sán tòru. Yìnyín ì báà bo ìlú, oòrùn ì báà máa jó ìlú, omi náà kì í kúrò ní nǹkan bíi dígírì 17 lórí ìwọ̀n Celsius. Ó tutù fún ara ọmọ Yorùbá. Aṣọ rọ́bà tó nípọn la máa ń wọ̀, rọ́bà yìí sì kún fún afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́, ó máa ń léfòó, àfi ká so òjé mọ́ ìdí kó tó lè rì.

Òjé mélòó? Ibí ni mo ti ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Nítorí iyọ̀, omi òkun fi bí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún wúwo ju omi tó dùn lọ. Ẹni tí òun àti gbogbo ẹrù rẹ̀ bá wọn nǹkan bíi kìlò 100 gbọ́dọ̀ yọ bíi kìlò 2.5 kúrò nínú òjé tó ń lò lókun kó tó wọ kòtò yìí. Àwọn kan kì í yọ ọ́. Wọ́n á já sísàlẹ̀ gbì, wọ́n á fi lẹbẹ ẹsẹ̀ wọn ru ẹrẹ̀ sókè, omi á sì dọ̀tí mọ́ gbogbo wa lójú. Ó máa ń dùn mí, torí ìṣirò kékeré ni ì bá gbà wọ́n.

Nísàlẹ̀ omi, ẹ̀dọ̀fóró la fi ń gòkè, òun náà la fi ń sọ̀. Mo máa ń yan pèpéle òkúta kan lára ògiri, n ó dúró níwájú rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Bí mo bá fa èémí sínú, ara kì í gbéra lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ dúró ná, bíi kéèyàn ka ení, èjì, kó tó máa gòkè. Ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ á tún fa òmíràn, á sì kọjá ibi tó ń lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti máa mí síta kí ara tó débẹ̀, bí ọlọ́kọ̀ ọ̀sà ṣe ń ti àjẹ̀ bọmi kí imú ọkọ̀ tó yà. Nígbà tó bá bọ́ sí i, ìlà dúdú tó wà lára òkúta níwájú mi á gòkè ní ìwọ̀n ìka kan, á sọ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, kò ní kúrò lójú mi. Mo lè wà bẹ́ẹ̀ títí géèjì tó ń ka afẹ́fẹ́ mi á fi ní kí n máa lọ. Ìbínú tí mo gbé bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ìkánjú, ẹ̀rù, gbogbo rẹ̀ ló máa ń hàn lára ìlà yẹn.

Ó yẹ kí n dárúkọ àwọn tó ń wa yanrìn lọ́sà Èkó níbí. Àkàbà àti garawa ni irinṣẹ́ wọn. Wọ́n á di èémí mú, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sínú omi dúdú, wọ́n á bu yanrìn, wọ́n á gòkè. Ọ̀wọ̀ ńlá ni mo ní fún wọn. Ṣùgbọ́n dídi èémí mú tó jẹ́ iṣẹ́ fún wọn ni èèwọ̀ àkọ́kọ́ fún wa. Láti ìgbà tí Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ti ṣe Aqua-Lung, ẹ̀rọ tí amòòkùn fi ń mí lábẹ́ omi, ní 1943, rẹ́gúlétọ̀ ń fún wa ní afẹ́fẹ́ tó le dọ́gba pẹ̀lú bí omi ṣe ń tẹ̀ wá. Bí èèyàn bá fa èyí sínú nísàlẹ̀, tó dì í mú, tó sì gòkè, afẹ́fẹ́ náà á máa fẹ̀, ó sì lè fa ẹ̀dọ̀fóró ya.

Nísàlẹ̀ kòtò náà, irin ni wọ́n fi dí ẹnu ihò tí omi ń gbà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló kú sínú ihò yẹn ní 1976. Inú àwọn kan kì í dùn sí irin náà. Èmi fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ mìíràn ni wíwọ ihò, ó ní okùn tirẹ̀, ó ní fìtílà mẹ́ta tirẹ̀, ó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Ohun tí àwọn àlejò kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí ni pé orí ilẹ̀ gíga ni gbogbo èyí wà. Santa Rosa fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4,600 ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́, nítorí náà ìṣirò àkókò téèyàn lè lò lábẹ́ omi, tí wọ́n ṣe fún òkun, kò bá a mu. Nàìtírójìn inú afẹ́fẹ́ tí a mí nísàlẹ̀, tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ wa, gbọ́dọ̀ ráyè jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀nà Albuquerque tí mo ń gbé sì tún ń gòkè: ní Clines Corners, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 7,000. Ẹni tó bá ti inú omi wọnú mọ́tò, tó sáré gba ibẹ̀, ó tún ń gòkè láìdúró ni. A máa ń jiyàn létí kòtò náà lórí wákàtí tó yẹ kéèyàn fi sinmi. Ní tèmi, mo máa ń sùn sílùú náà mọ́jú, n ó fi omi ṣan rẹ́gúlétọ̀ mi, n ó kọ iye òjé tí mo lò sínú ìwé. Mo ka oorun yẹn mọ́ ìmòòkùn náà, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo sì máa ń ṣíná sí mọ́tò.